Fíìmù bọ́ǹbù tí wọ́n jí gbé: kí ló dé tí gbogbo wọn fi jọra?

Akin_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo tún wo Broken Arrow lánàá, fíìmù tí John Woo ṣe ní 1996, tí John Travolta àti Christian Slater ṣe. Fún ẹni tí kò rí i rí: páílọ́ọ̀tì méjì nínú ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà gbé bọ́ǹbù núkílíà méjì sókè nínú bàálù tí reda kì í rí, wọ́n ní ìdánrawò ni. Bí wọ́n ṣe dé orí aṣálẹ̀ Utah, Méjọ̀ Deakins, ìyẹn Travolta, kọjú ìjà sí ẹnìkejì rẹ̀. Ó fẹ́ pa á, kò rí i pa, ó ju bọ́ǹbù méjèèjì sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí bàálù náà lọ fọ́. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ẹrù. Owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Hale, ìyẹn Slater, bọ́ sínú aṣálẹ̀, ó pàdé obìnrin kan tó ń ṣọ́ ọgbà ìjọba níbẹ̀, àwọn méjèèjì bá gbá fi ya àwọn olè.

Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kàn ni mo ń sọ kó tó ṣẹlẹ̀. Olówó tó gbé iṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí àwọn olè, bọ́ọ̀sì á pa á kí fíìmù tó parí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì á yìnbọn bí òjò, kò ní ba áákítọ̀. Ní Washington, àwọn àgbààgbà á kóra jọ sínú yàrá ńlá kan, wọ́n á máa wo ògiri, ọmọdé inú wọn tí wọn ò kà sí ló máa mọ ohun tó ń lọ. Aago pupa á máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn. Rélùwéè á wọ̀ ọ́ níkẹyìn.

Kí ló dé tí gbogbo fíìmù bọ́ǹbù jíjí fi rí báyìí? Ṣé pé wọn ò ní àròjinlẹ̀ ni, àbí àwa òǹwòran la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ dákun, ẹ fi áákítọ̀ wa sílẹ̀. Àwa tí a dàgbà sídìí fídíò kíláàbù, òfin tí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé áákítọ̀ kì í kú. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Third Mainland ti gba gbogbo agbára mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n tún jókòó wo bí bọ́ǹbù ṣe máa pa gbogbo ará Denver, ìlú tí Travolta fẹ́ bú nínú fíìmù náà, ni? Mo ti mọ̀ pé á dáa. Bó ṣe máa dáa ni mo fẹ́ wò.

Travolta nìkan tó owó fíìmù yẹn. Bó ṣe ń mu sìgá bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn án, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn sí bọ́ǹbù mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ayé mi.

Kékeré_Ọ̀jẹ̀
1996 kẹ̀? Wọn ò tíì bí mi. Ta ló kú níparí?

Alábòójútó
Ẹni tó bá fẹ́ sọ òpin fíìmù, kó kọ́kọ́ kìlọ̀ o.

Akin_Mọ́kọ́lá
Ìkìlọ̀ rèé, òpin ń bọ̀, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ kó fo èyí.

Orí rélùwéè ni ìjà ti parí. Hale ti pa bọ́ǹbù náà lẹ́nu mọ́, kò lè bú mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré, ó forí sọ, bọ́ǹbù tó ti kú náà wá fò jáde láti inú wágúnù, àyà Deakins ló lọ bá tààrà, ó sì gbé e jáde. Olè jí bọ́ǹbù, bọ́ǹbù pa olè. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Kékeré_Ọ̀jẹ̀
Haaaa. Mo ti ń wá a báyìí.

Fíìmù_Àtijọ́
Akin àbúrò mi, ibi tí ọ̀nà yẹn ti là kò pamọ́. Ìwọ lọ wo Thunderball, ti James Bond, tó jáde nínú oṣù Kejìlá 1965. Àwọn ọ̀daràn jí bàálù Vulcan tòun ti bọ́ǹbù méjì inú rẹ̀, wọ́n gbé e pamọ́ sábẹ́ òkun, wọ́n ní kí ìjọba san pọ́n-ùn mílíọ̀nù 100 tàbí kí ìlú ńlá kan di eérú. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀. Kíyè sí i pé bọ́ǹbù méjì ni. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ni pé tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò lè bú, tó bá bú fíìmù ti parí. Tó bá jẹ́ méjì, a lè fi ọ̀kan han àwọn òǹwòran kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ṣeréṣeré, kí èkejì ṣẹ́kù fún ìparí. Broken Arrow lo ọgbọ́n yẹn tán pátápátá, ọ̀kan bú nínú ihò ìwakùsà kọ́pà, wọ́n gbé èkejì wọ rélùwéè.

Ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú ni pé kò tíì pé oṣù méjì tí fíìmù James Bond yẹn jáde tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1966, bàálù B-52 ti Amẹ́ríkà ń gba epo lófúrufú lórí Sípéènì, òun àti bàálù tó ń fún un ní epo bá kọlu ara wọn. Ẹni méje kú nínú mọ́kànlá. Bọ́ǹbù háídrójìn mẹ́rin já bọ́, mẹ́ta sórí ilẹ̀ nítòsí abúlé kan tó ń jẹ́ Palomares, ọ̀kan sínú òkun. Ó tó nǹkan bí 80 ọjọ́ tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń wá ti inú òkun yẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré Alvin. Ta ló júwe ibẹ̀ fún wọn? Apẹja ni, Francisco Simó Orts. Ó rí parasúùtì tó rì lójú rẹ̀, ó sì mọ ojú omi yẹn bí ẹní mọ ilé. Ibi tí ó jìn ju mítà 800 lọ ni bọ́ǹbù náà wà. Ẹ̀rọ tó lágbára jù láyé nígbà yẹn, ẹnu apẹja ló ń wò.

Tíṣà_Físíìsì
Ẹ̀gbọ́n Fíìmù_Àtijọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi.

Bọ́ǹbù tí wọ́n lò nínú fíìmù náà, B83 ni wọ́n pè é, èyí tó wà lóòótọ́. Agbára rẹ̀ lè tó mẹ́gátọ́ọ̀nù 1.2, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 80 ti èyí tí wọ́n jù sí Hiroshima ní Japan. Gígùn rẹ̀ ju mítà mẹ́ta àbọ̀ lọ, ó sì wúwo ju kìlógíráàmù 1,000 lọ. Kì í ṣe ẹrù tí ẹni méjì ń gbé sá lọ nínú aṣálẹ̀. Ẹ máa rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń wò ó.

Ibi tí mo ti kígbe gan-an ni ibi ìwakùsà yẹn. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bú lábẹ́ ilẹ̀, hẹlikọ́pítà tó wà lókè sì já bọ́ nítorí pé iná inú rẹ̀ kú. Irọ́ ni. Ìgbì tó ń ba ẹ̀rọ iná jẹ́ yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè réré ni bọ́ǹbù ti máa ń fà á dáadáa. Ní oṣù Keje 1962, Amẹ́ríkà bú ọ̀kan ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè lórí òkun Pàsífíìkì, wọ́n pe ìdánwò náà ní Starfish Prime. Ìlú Honolulu ní Hawaii jìn ju kìlómítà 1,400 lọ síbẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí 300 iná òpópónà ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ti abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì.

Ohun kan tí wọ́n sọ tó jẹ́ òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ kóòdù. Bọ́ǹbù irú èyí ní ìtìpa nínú. Bí o bá ń tẹ kóòdù tí kò tọ̀nà léraléra, yóò ti ara rẹ̀ pa. Hale fẹ́ lo ọgbọ́n yẹn láti fi ba bọ́ǹbù jẹ́, àfi bí Deakins ti yí inú rẹ̀ padà sílẹ̀ dè é. Ẹni tó kọ ìtàn náà ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Tíṣà, ìbéèrè kan. Tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Travolta bá yìnbọn bá bọ́ǹbù lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn á lọ?

Tíṣà_Físíìsì
Wọn ò ní lọ báyẹn, mà. Inú bọ́ǹbù núkílíà, ohun abúgbàù lásán wà yí ká ohun tí a fẹ́ fún pọ̀. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ bú lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ìdádúró kankan, kó tó lè fún àárín pọ̀ dé ibi tí iná ńlá yẹn ti ń ṣẹ́. Tó bá bú láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó kàn máa fọ́ ni. Ní Palomares gan-an, méjì nínú mẹ́ta tó bọ́ sórí ilẹ̀ bú irú bíbú yẹn. Kò sí iná átọ́míìkì, ṣùgbọ́n eruku plútóníọ́ọ̀mù, èròjà olóró inú bọ́ǹbù, fọ́n sórí oko tòmátì àwọn ará abúlé. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,400 iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n hú, wọ́n kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ rì í mọ́lẹ̀ ní South Carolina.

Nítorí náà Travolta kò ṣe àṣejù. Ó yẹ kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yìnbọn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Denver, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ ni.

Dèjì_Houston
Mo ń ka gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Mo fẹ́ gbèjà John Woo díẹ̀. Hong Kong ló ti wá, ibẹ̀ ló ti ní orúkọ nítorí ìbọn méjì lọ́wọ́ méjì àti bó ṣe ń mú kí ìjà rọra lọ bí ijó. Nígbà tó dé Hollywood, ìtàn tí ẹlòmíràn kọ ni wọ́n fún un. Graham Yost tó kọ Broken Arrow yìí náà ló kọ Speed ní 1994, ti ọkọ̀ èrò tí kò gbọ́dọ̀ dẹ eré. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí i: bọ́ǹbù wà, ọkọ̀ ń sáré, obìnrin tí kò bá wọn wá bọ́ sínú wàhálà. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ọjà ni. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Woo gba ààyè ṣe Face/Off bó ṣe fẹ́, Travolta náà ni, ẹ sì rí i pé ó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe pé àwọn fíìmù yìí jọra. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo wọn gbà pé ó gba ọlọ́gbọ́n gidi láti gbé bọ́ǹbù kúrò níbi tó wà: ọ̀gá sójà tó ti ń gbèrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, olówó lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ogun ẹ̀yìnkùlé, hẹlikọ́pítà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí. Nínú oṣù Kẹjọ 2007, àwọn sójà ní ibùdó Minot ní North Dakota so misáìlì méjìlá mọ́ abẹ́ apá B-52. Èyí tí wọn ò ní núkílíà lórí ni wọ́n rò pé àwọn ń gbé. Mẹ́fà nínú wọn ní in. Bàálù náà sun ibẹ̀ mọ́jú láìsí ẹ̀ṣọ́ pàtàkì, ó fò lọ sí Barksdale ní Louisiana, ìpínlẹ̀ tó bá Texas pààlà, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹnikẹ́ni tó wo inú rẹ̀ dáadáa. Nǹkan bí wákàtí 36 lápapọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé bọ́ǹbù núkílíà mẹ́fà ò sí ní ilé. Kò sí bọ́ọ̀sì. Kò sí áákítọ̀. Wọn ò kàn yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó lé mínísítà ọmọ ogun òfúrufú àti ọ̀gágun àgbà wọn kúrò lórí oyè ní 2008.

Fíìmù_Àtijọ́
Ẹ jọ̀ọ́ ta ló máa sanwó wo ìyẹn? «Àwọn tí kò yẹ misáìlì wò.» Apá kìíní àti apá kejì.

Dèjì_Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró, ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ gbọ́ èyí tí mo fẹ́.

Ní oṣù Keje 2012, sísítà ìjọ Àgùdà kan, Megan Rice, ẹni ọdún 82, òun àti ọkùnrin méjì, Michael Walli àti Greg Boertje-Obed, rìn wọ Y-12 ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ibẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń kó yuréníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù pamọ́ sí. Òru ni, inú igbó ni wọ́n gbà. Irin tí wọ́n fi ń gé wáyà ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gé ọgbà kan, wọ́n gé èkejì, wọ́n ń lọ. Àwọn kámẹ́rà kan ò ṣiṣẹ́, ó sì ti mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ lára pé ẹranko ló máa ń mú kí àláàmù ké. Wọ́n dé ara ògiri ilé tí wọ́n kó yuréníọ́ọ̀mù sí, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo dé, wọ́n kọrin fún un, wọ́n sì fi búrẹ́dì lọ̀ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ níbí: kí ó tó di arúgbó ajàjàgbara, Sísítà Megan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe tíṣà ní Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú àpéjọ wa yìí ní àǹtí tàbí ìyá tó kọ́. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un ní 2014, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn sílẹ̀ ní 2015. Ó kú ní 2021.

Ìyá_Ìbejì
Ìyá ẹni ọdún 82. Eékún tèmi ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ilé mi.

Akin_Mọ́kọ́lá
Dèjì, ohun tí mò ń wá lọ́rọ̀ lo ti sọ yìí. Inú fíìmù, àkámọ́ ibi tí bọ́ǹbù wà ò ní ihò, ọlọ́gbọ́n burúkú nìkan ló lè là á. Òǹwòran á wá jáde pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀: bí a bá ṣáà ti pa Travolta, ó ti tán. Ìyẹn gan-an ló burú nínú irú fíìmù yìí, kì í ṣe bọ́ǹbù tó ń fò lù èèyàn láyà. Ó ń sọ fún wa pé ènìyàn búburú kan ni ìṣòro. Kò jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé tì.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ bọ́ǹbù nínú fíìmù Travolta. Ẹni tó bá fẹ́ ìwáàsù, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wà.

Fíìmù_Àtijọ́
Èmi náà ò gbà pátápátá, Akin. Ìgbà tí wọ́n ṣe fíìmù yìí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí Soviet túká. Ẹ̀rù gidi ló wà nílẹ̀ nígbà náà: núkílíà wà ní Ukraine, ó wà ní Kazakhstan, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ ò rí owó oṣù gbà. Ní 1994, Amẹ́ríkà lọ gbé nǹkan bí kìlógíráàmù 600 yuréníọ́ọ̀mù bọ́ǹbù kúrò ní Kazakhstan ní bòókẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn má baà gbé e. Hollywood ò dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe fíìmù nípa ẹ̀ṣọ́ tí kò rí owó oṣù gbà, Travolta kò ní gbà á ṣe. Wọ́n bá wọ ẹ̀rù náà láṣọ páílọ́ọ̀tì.

Tíṣà_Físíìsì
Ó sì kan ilé wa náà o. Ní Zaria, ní yunifásítì Ahmadu Bello, rìákítọ̀ kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ núkílíà, wà tí China bá wa ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́. Epo inú rẹ̀, bíi kìlógíráàmù kan, yuréníọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yọ́ dé ìwọ̀n ti bọ́ǹbù ni. Kò tó láti fi ṣe bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Boko Haram le, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibẹ̀. Ní 2018 wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé ti tẹ́lẹ̀ padà sí China. Nàìjíríà, Amẹ́ríkà àti China pẹ̀lú àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ló jọ ṣe é. Kò sí ariwo. Àwọn sójà wa tò yí ibẹ̀ ká, ẹrù jáde, ó tán.

Ẹ fi wé ti ibùdó núkílíà Pelindaba ní South Africa, oṣù Kọkànlá 2007. Àwọn agbébọn mẹ́rin gé iná tó wà lára wáyà ọgbà, wọ́n wọlé dé yàrá tí wọ́n ti ń darí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì pàápàá, wọ́n yìnbọn fún òṣìṣẹ́ kan láyà, ó yè é. Yuréníọ́ọ̀mù tó tó bọ́ǹbù wà nínú ọgbà yẹn. Wọ́n sá lọ láìgbé e. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun báyìí ni wọ́n wá wá.

Kékeré_Ọ̀jẹ̀
Tíṣà, èyí gan-an ni fíìmù. Ẹ gbé e fún wọn ní Hollywood kíá.

Bọ̀dá_Wáyà
Mo ti dákẹ́ tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lé e. Iṣẹ́ ìdí kànga epo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Amẹ́ríkà àti South Africa nìkan ni wọ́n ti ń jí nǹkan ẹlẹ́tànṣán gbé, ẹ gbọ́. Lóṣù Kejìlá 2002, láàárín Wárì àti Port Harcourt, irinṣẹ́ tó ní americium, ohun ẹlẹ́tànṣán kan, nínú sọnù lórí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ yẹn, inú kànga ni a máa ń sọ ọ́ sí. Ó ń tú niútírọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun kíkéré inú átọ́ọ̀mù, jáde sínú àpáta, bí niútírọ́ọ̀nù náà bá ṣe padà wá la fi ń mọ̀ bóyá omi tàbí epo wà níbẹ̀ tàbí òkúta gbígbẹ. Kò tóbi. Inú agolo irin ló wà, àmì mẹ́ta dúdú lórí yẹ́lò wà lára ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ̀wẹ̀, ẹni tí kò mọ àmì yẹn, irin tó dára ló máa rí.

Wọ́n wá a títí. Ìjọba ń kéde, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn apániláyà, ìgbà náà kò tíì jìnnà sí ti 2001 ní New York. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rí i. Níbo? Jámánì! Nínú àjákù irin tí wọ́n kó láti Nàìjíríà lọ tà. Ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò fún ìtànṣán nílé iṣẹ́ irin níbẹ̀ ló ké.

Ẹ rò ó wò. Ó kọjá lọ́wọ́ oníkọ́ńdẹ́mù, ó kọjá lórí òṣùwọ̀n, ó wọ kọ̀ǹtéínà, ó kọjá ní wọ́ọ̀fù, ó la òkun kọjá. Ẹnikẹ́ni ò gbèrò pé kí Denver jó. Iye tí irin ń wọ̀n ni wọ́n ń wò.

Ìyá_Ìbejì
Bọ̀dá, ara mi bù máṣọ. Òṣùwọ̀n oníkọ́ńdẹ́mù kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn ọmọ máa ń gùn ún ṣeré.

Tíṣà_Físíìsì
Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nìyẹn, mà, ẹ má jẹ́ kí n fi pa mọ́. Ní Goiânia, Brazil, oṣù Kẹsàn-án 1987, ọkùnrin méjì wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n yọ orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n ta á fún oníkọ́ńdẹ́mù. Inú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun caesium, ohun ẹlẹ́tànṣán, wà. Lálẹ́, ìyẹ̀fun náà ń tàn búlúù. Oníkọ́ńdẹ́mù náà rí i pé ó rẹwà, ó pe ará, ó pe ọ̀rẹ́, wọ́n ń pín in fúnra wọn, àwọn kan fi pa ara bí ìyẹ̀fun ọdún. Ẹni mẹ́rin kú, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà wà nínú wọn. Ẹni 249 ni ìtànṣán bà. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá sí pápá ìṣeré, ó lé ní 110,000 èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá rí àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta dúdú lórí yẹ́lò, kí wọ́n sá, kí wọ́n pe àgbà. Nàìjíríà ní àjọ tó ń rí sí èyí, ẹ lè pè wọ́n.

Fíìmù_Àtijọ́
Akin, o rí ibi tí o kó wa dé? A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Travolta.

Akin_Mọ́kọ́lá
Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fíìmù tí mo fẹ́ wò báyìí, ẹni tó bá mọ olówó kó bá mi kàn sí i. Wárì, 2002. Kò sí aago pupa. Ọ̀gá awakọ̀ tó rò pé ọmọ iṣẹ́ òun ló ti ilẹ̀kùn, ọmọ iṣẹ́ tó rò pé ọ̀gá ló tì í. Oníkọ́ńdẹ́mù tó ní ọmọ mẹ́rin àti gbèsè. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń fi ẹ̀rọ tó ń ké tíkì-tíkì kiri láàárín àwọn òkìtì irin ní Onítshà, ní Ọ̀jọ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dá lóhùn torí wọ́n rò pé owó orí ló wá gbà. Òǹwòran ti mọ̀ pé ẹrù náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi, òun nìkan ni kò mọ̀. Ẹ ò ní mí títí ó fi parí, mo búra.

Dèjì_Houston
Màá wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá_Ìbejì
Ta ló máa jà?

Akin_Mọ́kọ́lá
Kò sẹ́ni tó máa jà.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìjà ẹyọ kan sí i. Kó jẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn já àjàbọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbèrò, kó gun kọ̀ǹtéínà, kó pẹ́ jù díẹ̀ báyìí. Màá mú ọkọ àti àwọn ìbejì wá.

Bọ̀dá_Wáyà
Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá_Ìbejì
Bọ̀dá mi, mo mọ̀. Ẹ ṣáà fi sí i.

Kékeré_Ọ̀jẹ̀
Mo ti rí Broken Arrow, ó wà nínú pléètì 20-in-1 kan tí bàbá mi kó pamọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán rẹ̀ ń já díẹ̀. Ṣé kí n máa wò ó lọ, àbí kí n fi dátà wá èyí tó mọ́?

Fíìmù_Àtijọ́
Wò ó lórí pléètì, dátà ti wọ́n jù. Tó bá dé ibi ìwakùsà, pe Tíṣà kó wá jókòó tì ọ́.

Tíṣà_Físíìsì
Màá mú ẹ̀pà wá.